Omi Tí Mo Ní Ó Ń Bọ̀

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kí n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ni pé mo ń kun nọ́ńbà sára ilé àwọn èèyàn. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo kọ́ níléèwé, kì í ṣe ọ̀dà kíkùn. Ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń tún aago ṣe, Haúsá sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu bíi Yorùbá. Nítorí Haúsá yẹn ni wọ́n ṣe mú mi lọ sórí òkè.

Àwọn òkè tí mò ń sọ yìí wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wa, níbi tí Nàìjíríà ti pààlà pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Òtútù máa ń mú níbẹ̀ débi pé ẹ̀wù òtútù ni àwọn èèyàn ń wọ̀ lọ sóko. Odò kan ń ti òkè yẹn ya wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó sì ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé àwọn máa sé e, kí wọ́n fi omi rẹ̀ ṣe iná mànàmáná fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Mayo Jiga ni abúlé tó wà nínú àfonífojì tí omi náà máa bò mọ́lẹ̀.

Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ gbà mí síṣẹ́. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fún mi. Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó dé láti Yúróòpù, wọ́n ní kò yẹ kí orílẹ̀-èdè ńlá bíi tiwa fi iná rẹ̀ sọ́wọ́ Ṣáínà. Ìjọba ní kí àwọn ti àkọ́kọ́ máa lọ. Àwọn ti èkejì fún mi ní ọ̀dà búlúù, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé kìíní. Kamẹrúùnù náà sọ pé apá kan àfonífojì yẹn jẹ́ tàwọn, wọ́n kó ṣójà wá sí òdìkejì odò. Tiwa náà kó ṣójà wá sí apá ibí. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan ṣoṣo. Àwọn tó kó ìwo wọn bọ inú koto tiwa ju méjì lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bi àwọn tó ni omi léèrè ohunkóhun.

Èmi ni wọ́n ń rán sí àwọn tó ni omi. Bí mo bá ti kun nọ́ńbà tán, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan: ẹ má kọ́ ilé tuntun, ẹ má tún ti tẹ́lẹ̀ ṣe, ẹ má gbin igi tó máa pẹ́ kó tó so. Omi ń bọ̀. Ilé tí wọ́n bá fọwọ́ kàn lẹ́yìn tí mo ti kà á, wọn ò ní ka ẹni tó ni ín mọ́ àwọn tí wọ́n máa kó lọ sí ibùgbé tuntun. Ọdún méje ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo sì ti rí àwòrán ibi tí wáyà iná náà máa gbà. Kò ní yà ní Mayo Jiga, kò sì ní yà ní ibùgbé tuntun. Orí wọn ló máa gbà kọjá lọ sí àwọn ìlú ńlá. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ojúlé kọkànlélógójì ni ilé Màmá Ladi. Opó ni wọ́n, Ladi ọmọ wọn sì jẹ́ tíṣà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà. Bí mo bá ti yà, tíì ni wọ́n máa ń sè fún mi, nítorí pé tíì máa ń hù lórí òkè yẹn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń já ewé rẹ̀. Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n mú mi wọ yàrá wọn, wọ́n fi ògiri hàn mí. Ó ti là láti òkè dé ilẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n ní ṣé àwọn lè tún un ṣe. Mo ní rárá. Mo ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi parí.

Wọ́n ní, “Málàmù, tí ẹ bá ti ní kí n dúró, màá dúró.”

Kò pẹ́ sí i, àwọn agbébọn rékọjá ààlà wá sí àgọ́ wa. Wọ́n pa ọlọ́dẹ méjì, wọ́n dáná sun ọkọ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn òyìnbó ti kó ẹrù wọn, wọ́n ní kò sí ààbò. Àwọn ará Ṣáínà ní àwọn ò padà síbi tí wọ́n ti lé àwọn. Wọ́n dá gbogbo wa dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tó rán mi padà lọ sí Mayo Jiga láti lọ sọ fún wọn pé ó ti parí, èmi náà kò sì rán ara mi.

Bí mo ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ìtàn. Ẹni tó ti rìn ín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín kò ní gbà á gbọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Peckham, àdúgbò tí mo dé sí, ni iná. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lókè, síbẹ̀ iná ń tàn nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Rye Lane, ó ń tàn sórí ẹran, ó ń tàn sórí ẹja, ó ń tàn sórí irun tí wọ́n ń tà. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù alápatà kan, mo ń wo gílóòbù. Alápatà ní kí ni mo fẹ́ rà. Mo ní kò sí. Ó ní kí n kúrò lọ́nà nígbà náà.

Èkejì ni Yorùbá. Mo ti rò pé èdè mi máa di nǹkan tí mo máa fi pamọ́ sínú yàrá. Àfi bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nínú básì, ní báǹkì, lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń ṣa iṣu níwájú ìsọ̀. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, mo kí ìyá kan ní ibùdókọ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà.” Ìyá náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni mò ń kí. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó di báàgì rẹ̀ mú. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó tún kí ẹnikẹ́ni tí mi ò mọ̀ rí.

Iṣẹ́ kíà, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ni mo rí. Nunhead àti Brockley ni wọ́n ń rán mi lọ, láti ilé arúgbó kan sí òmíì. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóògùn, mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni fún ẹnì kan, bí ó bá di ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, fóònù mi á máa dún. Ìyá mi máa ń pè láti Kàdúná lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n á béèrè pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ti Elephant and Castle délé láìwo fóònù fún ọ̀nà, orí mi wú. Mo ra ẹja díndín láti fi ṣe àjọyọ̀. Mo dé yàrá, mo gbé e sórí tábìlì, ibẹ̀ ni mo ti rántí pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Alhaja ló yọ mí nínú ìyẹn. Àjà òkè pátápátá ni yàrá tí mo háyà wà nínú ilé gogoro kan, ẹnu ọ̀nà tiwọn ló kọjú sí tèmi. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ oúnjẹ sísè níléèwé, ọkọ wọn ti kú, ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní Kánádà. Wọ́n gbọ́ tí mò ń gba fóònù lójú àtẹ̀gùn, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú àwo mọ́ínmọ́ín. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ tí mi ò kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n á pè mí.

Àjà yàrá Alhaja ń jò. Ó ti wú sísàlẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀dì wọn, ó ti dúdú, òórùn ilẹ̀ tútù ń jáde nínú rẹ̀, ó sì ti sọ wọ́n di oníkọ́. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ilé náà lọ́pọ̀ ìgbà. Èsì tó wá lọ́jọ́ kan, èmi ni mo bá wọn kà á. Ó ní wọ́n máa wó ilé náà, kí wọ́n kọ́ tuntun, wọ́n sì máa kó gbogbo èèyàn lọ síbi tó dára. Nítorí náà, wọn ò ní ṣe àtúnṣe kankan àyàfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń gbébẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri tàbí àjà fúnra rẹ̀. Wọ́n ti wo fọ́tò àjà Alhaja, wọ́n ní kì í ṣe pàjáwìrì.

Alhaja ní, “Ó di ìgbà tó bá já lé mi lórí kó tó di emergency nìyẹn.”

Mo pa lẹ́tà náà dé. Mo ní, “Ẹ ṣe sùúrù, mà. Wọ́n máa kó yín láìpẹ́.” Mi ò ro ọ̀rọ̀ náà kí n tó sọ ọ́. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo ń fọṣọ ní ilé ìfọṣọ tó wà nítòsí wa, Ladi pè mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti kúrò lórí òkè. Mi ò mọ̀ pé ó ní nọ́ńbà mi, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ti gba ti ibí. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí nípa iṣẹ́, ó bi mí nípa òtútù, bí wọ́n ṣe máa ń kíni lórí òkè, tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn lójú. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òjò rọ̀ mọ́jú. Ògiri wó lu ìyá òun lórí ibùsùn. Wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti wé e.

Mo jókòó. Ìpè yẹn kì í ṣe láti túfọ̀ fún mi nìkan. Ó ní àwọn ọkùnrin ti mú ọkọ́ dání, wọ́n dúró sójúde, àwọn àgbà ló ní kí òun pè mí.

Ó ní, “Málàmù, ṣé omi ṣì ń bọ̀? Tó bá ń bọ̀, orí òkè la máa gbé wọn lọ. Tí kò bá bọ̀, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi la máa sin wọ́n sí.”

Mi ò mọ̀. Kò sí òótọ́ mìíràn lẹ́nu mi ju ìyẹn lọ, mi ò sì tíì mọ̀ rí láti ọjọ́ kìíní. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ga lọ́dọ̀ wọn, òkú kì í sì í dúró de ẹni tí kò mọ̀. Mo ronú kan àwọn ọkùnrin yẹn tí wọ́n máa gbé òkú gun òkè fún wákàtí kan nínú ẹrẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fi ọ̀dà kọ.

Mo ní, “Ẹ sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ bàbá yín. Omi ò bọ̀.”

Ladi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní Ọlọ́run á san mí lẹ́san. Nínú gbogbo ohun tí ó sọ lọ́jọ́ yẹn, ọpẹ́ yẹn ló dùn mí jù.

Alhaja ni mo sọ fún. Wọn ò béèrè ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n fi ìborí bo orí, wọ́n ní kí n jẹ́ ká lọ bá lèmọ́mù ní mọ́ṣáláṣí wa kí Aṣri, ìrun ìrọ̀lẹ́, tó wọlé. Lèmọ́mù gbà láti kírun fún òkú tí kò sí nítòsí. Ó wá bi mí pé kí ni orúkọ olóògbé. Mo ní ìyá Ladi. Orúkọ ọmọ ni gbogbo abúlé fi ń pè wọ́n, èmi náà sì ń fi pè wọ́n. Nínú ìwé mi, ojúlé kọkànlélógójì ni wọ́n. Ọdún méje ni mo fi mu tíì wọn, mi ò mọ orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Àwọn èèyàn mọ́kànlá, tí wọn ò gbọ́ orúkọ Mayo Jiga rí, tò sẹ́yìn lèmọ́mù pẹ̀lú mi ní Peckham, wọ́n kírun fún ìyá Ladi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí ìyá náà dúró.

Àwọn kan máa ń sọ pé nínú àjò ni èèyàn ti ń mọ ibi tí òun ti wá. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ní Kàdúná, Yorùbá ni wọ́n ń pè mí. Ní ìlú bàbá mi, wọ́n ní Gàm̀bàrí ni mí. Lórí òkè, èmi ni ọkùnrin tó ń ru ọ̀dà. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi rí ni Mayo Jiga, irọ́ sì ni mo fi san án fún wọn. Irọ́ tí mi ò tilẹ̀ dá ṣe fúnra mi. Àwọn tó dá a ò mọ ọ̀nà abúlé náà.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo wà nínú básì tó ń lọ sí Brockley nígbà tí ìròyìn wọ fóònù mi. Àwọn ọkùnrin alákọ́ọ̀tù dúró níwájú àwòrán òkè wa, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí Amẹ́ríkà ti dá sí i, nítorí Ṣáínà ti fẹ́ padà. Wọ́n ní wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tuntun, wọ́n ní àwọn máa fún ààlà ní ààbò, wọ́n ní iná máa tàn. Mo pe ọ̀gá mi àtijọ́ ní Àbújá, mo bi í ṣé òótọ́ ni. Ó ní wọ́n ti máa ń fọwọ́ sí i. Ó tún ní bí mo bá fẹ́ padà, àyè mi wà, nítorí kò tíì rí ẹlòmíì tó gbọ́ Haúsá tí àwọn ará òkè gbẹ́kẹ̀ lé bíi tèmi. Mo pa fóònù. Mo kọjá ibùdókọ̀ tó yẹ kí n ti sọ̀, arúgbó tó ń retí mi jókòó sínú aṣọ tútù fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó ni ilé wa pe ìpàdé. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ní Fọlá ni orúkọ òun, ó pe orúkọ náà bí òyìnbó ṣe máa pè é. Ó fi àwòrán ilé tuntun hàn wá, igi wà níwájú rẹ̀, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́. Alhaja dìde, wọ́n sọ̀rọ̀ àjà wọn, ikọ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró lẹ́ẹ̀mejì. Fọlá ní òun gbọ́, òun mọ̀ pé kò rọrùn, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe sùúrù. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo mọ ohùn yẹn.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní èmi náà ti ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe yìí rí. Mo sọ nípa odò náà, nípa ọ̀dà pupa àti búlúù, nípa ìyá kan tó ní kí n jẹ́ kí òun tún ògiri ṣe, tí mo ní rárá, tí ògiri sì pa á. Fọlá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Thank you for sharing that, sir,” ó sì lọ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Bí a ti ń lọ sílé, tí Alhaja fi apá mi ṣe ọ̀pá, a gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa. Fọlá ni. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Alhaja, bí ẹni tí wọ́n kọ́ ní kékeré tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní, “Uncle, mi ò lè sọ ọ́ nínú ibẹ̀ yẹn, they'll sack me. Ẹ tún ceiling Mummy ṣe. Mi ò rí nǹkan kan.”

Ó yí padà, ó lọ. Mo dúró lójú kan. Gbogbo Yorùbá ọmọ yẹn kò ju kí ó fi ra ẹja lọ, síbẹ̀ ó rí ọ̀rọ̀ tí èmi ò rí ní èdè méjì fún ọdún méje. Mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Kì bá tí ná mi ní nǹkan kan. Kò sí ọ̀gá kankan, yálà ará Ṣáínà tàbí òyìnbó, tó wá wo ògiri Màmá Ladi rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ra pákó àjà àti ọ̀dà tó ń dí ibi tó ń jò. Mo gun orí òrùlé, mo rí ibi tí omi ń gbà wọlé, kò ju ìbú ọwọ́ mi lọ, mo dí i. Mo gé ibi tó ti jẹrà kúrò, mo kan tuntun mọ́ ọn. Alhaja di àkàbà mú nísàlẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Kí Aṣri tó wọlé, mo ti parí. Ọ̀sán kan ṣoṣo ló gbà.

Mo wọ yàrá mi, mo pe Ladi. Mo ti ń yẹra fún un látìgbà tí mo ti ka ìròyìn yẹn. Ó ní àwọn ṣójà ti padà sétí odò, àwọn kan ti wá wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kì í ṣe ìyẹn nìkan ni mo tìtorí ẹ̀ pè. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bi mí nípa ògiri, mo lè ti sọ pé kí wọ́n tún un ṣe, kí n ṣe bí ẹni tí kò rí i, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi mí ṣe. Mo ní mo fẹ́ kó mọ̀.



Ó ní, “Ìyá mi ti gé igi tí wọ́n fẹ́ fi ti ògiri náà kí wọ́n tó bi yín. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n kó o sí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi tì í, wọ́n ní rárá, pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ.”

Mo bi í pé níbo ni igi náà wà báyìí.

Ó ní igi náà ni wọ́n tò lé ìyá òun lórí nínú sàréè, kí wọ́n tó da ilẹ̀ bò ó. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé igi tó le ni, ó tó bí wọ́n ṣe fẹ́ gẹ́lẹ́, wọn ò ní láti tún gé òmíì.